Bíbo Àṣírí Aláìsàn Lábẹ́ Ètò Adójútòfò Ìlera: Àgbéyẹ̀wò láti Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Àṣamọ̀

A dá ètò adójútòfò ìlera sílẹ̀ kí àìsàn má baà sọ ènìyàn di onígbèsè. Kí ètò náà tó lè san owó ìtọ́jú, ó di dandan kí ó mọ díẹ̀ nínú ohun tó ń ṣe aláìsàn. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ aláìsàn ń gbà láti ilé ìwòsàn dé ọwọ́ ẹni tó ń san owó, òfin tó de ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, àti ibi tí àṣírí ti sábà máa ń tú. Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, níbi tí ìlú Ìjàgbà wà, ni a fi ṣe òpó àgbéyẹ̀wò náà, pàápàá nítorí ibà Lásà tó ń yọ agbègbè ọ̀hún lẹ́nu. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé bíbo àṣírí jẹ́ ara ìtọ́jú, àti pé ìwọ̀n ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nílò nìkan ni ó yẹ kí ó dé ọwọ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ìfáárà

Nínú èdè Yorùbá, gbólóhùn kan ṣoṣo ni a ń lò fún oore méjì. Bí ẹnì kan bá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lówó nígbà tí ìnáwó ká a mọ́, a ó ní ó bo àṣírí rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá mọ ohun kan nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ọ̀rẹ́ náà kò fẹ́ kí ayé gbọ́, tí ó sì pa á mọ́ sínú, òun náà bo àṣírí rẹ̀. Oore méjèèjì yìí ni ètò adójútòfò ìlera jẹ ẹni tó forúkọ sílẹ̀. Ó yẹ kí ó san owó ìtọ́jú rẹ̀ kí ó má baà tọrọ jẹ. Ó sì yẹ kí ó pa ohun tó mọ̀ nípa ara rẹ̀ mọ́. Ètò tó bá ṣe ti àkọ́kọ́ tí kò ṣe èkejì ti fi ọwọ́ ọ̀tún bo aláìsàn láṣọ, ó sì ti fi ọwọ́ òsì bọ́ aṣọ náà kúrò.

Òfin 35 ti ọdún 1999 ni ó kọ́kọ́ fi ìdí ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n oṣù kẹfà ọdún 2005 ni ètò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tó fi bẹ̀rẹ̀, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́ ni a ó máa san: agbanisíṣẹ́ yóò san 10, òṣìṣẹ́ yóò san 5. Èyí yóò kárí òṣìṣẹ́ náà, ẹnìkejì rẹ̀ nínú ìgbéyàwó, àti ọmọ mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 18. Ní ọdún 2022, òfin tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ó dá Àjọ Adójútòfò Ìlera ti Orílẹ̀-èdè sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà láti wà lábẹ́ ètò adójútòfò kan. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní ètò tiwọn. Ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ìgbìmọ̀ kan wà fún ètò ìlera alájọsanwó, lábẹ́ èyí tí a ti rí ètò Abíyamọ fún àwọn aláboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́.

Bí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀rọ̀ ara ènìyàn tí ó wà ní ọwọ́ àwọn ètò yìí ń pọ̀ sí i. Èyí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí òun náà jẹ́ òṣìṣẹ́ tí a ń yọ owó lára owó oṣù rẹ̀, ó sì tún jẹ́ ẹni tí àwọn òbí ń fi ọ̀rọ̀ ìlera ọmọ wọn sí lọ́wọ́.

Àṣírí Àìsàn Nínú Èrò Yorùbá

Kí ilé ìwòsàn ìgbàlódé tó dé, Yorùbá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àìsàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà. A kì í dárúkọ ṣọ̀pọ̀ná ní gbangba. Olóde tàbí ilẹ̀ gbígbóná ni à ń pè é. Àwọn àgbà a máa sọ pé gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Oníṣègùn tí ó bá ń gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn kan sọ fún èkejì kì í pẹ́ pàdánù àwọn tó ń wá a.

Àpẹẹrẹ tó jinlẹ̀ jù wà nínú ìlànà Ifá dídá. Bí ẹnì kan bá lọ bá babaláwo, kì í kọ́kọ́ sọ ohun tó bá a wá fún un. Yóò mú owó, yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, yóò sì gbé e kalẹ̀. Bascom, tó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ tí ó sì gbé ìwé rẹ̀ lórí Ifá jáde ní ọdún 1969, ṣe àkọsílẹ̀ àṣà yìí. Babaláwo ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ó gbọ́ ohun tí oníbèéèrè sọ. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ibi tó yẹ ni oníbèéèrè fúnra rẹ̀ yóò là á yé e. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ fún ni kò ní láti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹni kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ náà, àti pé ọlọ́rọ̀ ni ó ni àṣẹ láti ṣí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan náà ni òfin Amẹ́ríkà tí a mọ̀ sí HIPAA, èyí tí a ṣe ní ọdún 1996, wá gbé kalẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìlànà tí a fà yọ lára òfin náà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í de ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò àti ilé ìwòsàn ní oṣù kẹrin ọdún 2003, sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ aláìsàn fún ètò owó sísan gba ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí iṣẹ́ náà nílò.

Ọ̀nà tí Ọ̀rọ̀ Aláìsàn ń Gbà

Láti mọ ibi tí àṣírí ti lè tú, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tó ń gbà. Lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀, ọ̀nà méjì pàtàkì ni a fi ń sanwó fún ilé ìwòsàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ìwọ̀n ọ̀rọ̀ tí ó ń béèrè.

Ọ̀nà kìíní ni owó tí a ń san lórí ẹni kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Ilé ìwòsàn tí ènìyàn yàn gẹ́gẹ́ bí ibùdó ìtọ́jú àkọ́kọ́ yóò gba iye kan lórí rẹ̀ ní oṣooṣù, yálà ó ṣàìsàn tàbí kò ṣàìsàn. Nítorí náà, bí olùkọ́ kan ní Ìjàgbà bá ní ibà lásán tí ó sì gba oògùn ní ibùdó rẹ̀, ẹni tó ń sanwó kò ní ìdí láti mọ̀ pé olùkọ́ náà ni ó ní ibà, nítorí owó náà kò lé, kò sì dín. Ohun tó lè nílò fún ìṣirò kò ju iye aláìsàn àti irú àìsàn lọ, láìsí orúkọ.

Ọ̀nà kejì ni owó tí a ń san lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí àìsàn bá ju agbára ibùdó àkọ́kọ́ lọ, tí wọ́n sì fẹ́ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀, ilé ìwòsàn yóò kọ́kọ́ béèrè kóòdù àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ alágbàtà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí HMO. Kí ó tó rí kóòdù náà gbà, yóò sọ orúkọ aláìsàn, nọ́ńbà rẹ̀, àìsàn tí dókítà rí, àti ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ ṣe. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ilé ìwòsàn yóò tún kọ ìwé béèrè owó, nínú èyí tí gbogbo rẹ̀ yóò ti fara hàn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí a bá ka àwọn ọwọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá, wọn kì í kéré: òṣìṣẹ́ tó ń mú káàdì jáde, nọ́ọ̀sì, dókítà, ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, apoògùn, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ adójútòfò ní ilé ìwòsàn, ẹni tó gbé fóònù ní ilé-iṣẹ́ alágbàtà, ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò, àti akọ̀wé owó. Dókítà nílò ìtàn àìsàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò nílò orúkọ àìsàn àti ìtọ́jú láti mọ̀ bóyá owó tí wọ́n béèrè tọ́. Akọ̀wé owó kò nílò ju nọ́ńbà àti iye owó lọ. Agbanisíṣẹ́ tó ń yọ owó lára owó oṣù kò nílò ohunkóhun nípa àìsàn òṣìṣẹ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó ń san ìpín tó pọ̀ jù.

Ohun tí Òfin Sọ

Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ sí ìgbé ayé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tojú bọ̀. Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 wá la ti ìlera yékéyéké. Abala 26 rẹ̀ sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìlera ènìyàn, ìtọ́jú rẹ̀, tàbí wíwà rẹ̀ ní ilé ìwòsàn jẹ́ àṣírí. Èyí túmọ̀ sí pé wíwà níbẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ àṣírí. Ẹni tó bá sọ pé òun rí lágbájá ní wọ́ọ̀dù, bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ti rú òfin láìdárúkọ àìsàn kankan.

Òfin náà ka ìgbà tí a lè ṣí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: bí aláìsàn bá fọwọ́ sí i ní kíkọ, bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pa á láṣẹ, bí òbí tàbí alágbàtọ́ bá béèrè fún ti ọmọdé, bí aṣojú ẹni tí kò lè fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀ bá béèrè, tàbí bí fífi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ bá lè ṣe ewu ńlá fún ìlera aráàlú. Abala 29 sì pa á láṣẹ fún ẹni tó wà ní ìdí ilé ìwòsàn láti ṣe ètò tí kò ní jẹ́ kí ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ dé ibi tí àkọsílẹ̀ wà. Ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ, tàbí owó ìtanràn ₦250,000, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà ẹni tó bá rú u. Ní ti kòkòrò HIV, òfin mìíràn tún wà tó jẹ́ ti ọdún 2014, èyí tó lòdì sí fífi àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe ìdènà fún ẹni tó ń wá iṣẹ́.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 ni ó wá so ilé-iṣẹ́ adójútòfò mọ́lẹ̀ tààrà. Ó ka ipò ìlera mọ́ irú ọ̀rọ̀ ẹlẹgẹ́ tí ó gba ìtọ́jú àkànṣe. Ó fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ ní lọ́wọ́ nípa rẹ̀ àti láti mú kí wọ́n tún èyí tí kò tọ̀nà ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá bọ́ sí ọwọ́ àjèjì lọ́nà tó lè pa ẹ̀tọ́ ẹni náà lára, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó Àjọ Ìdáàbòbò Dátà létí láàárín wákàtí 72. Ìtanràn tó ga jù fún ilé-iṣẹ́ ńlá lè dé mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Nígbà tí Àṣírí Gbọ́dọ̀ Ṣí: Ibà Lásà

Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ mọ ibà Lásà ju ọ̀pọ̀ agbègbè lọ ní Nàìjíríà. Àrùn yìí, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní Ìpínlẹ̀ Borno, ń ti ara eku ran ènìyàn, ó sì ń ti ara omi ara ènìyàn ran ẹlòmíràn. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ibi tí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Ibí yìí ni ìbéèrè lórí àṣírí ti le jù: ohun tí aláìsàn fẹ́ kí a bò lè jẹ́ ohun tí aládùúgbò nílò láti fi dáàbò bo ẹ̀mí ara rẹ̀.

Òfin ti pèsè ìdáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà ní ààlà. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó jẹ́ ibà Lásà, ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fi tó àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àjàkálẹ̀ àrùn létí. Àwọn yìí yóò wá àwọn tó fara kan aláìsàn, wọn yóò sì máa ṣọ́ ara gbígbóná wọn fún ọjọ́ 21. Wọ́n nílò orúkọ àti ibùgbé. Ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ nílò láti mọ̀ pé òun ti fara kan àrùn náà. Ará ọjà, ìjọ, àti ẹgbẹ́ kò nílò orúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n nílò ni kí wọ́n mọ̀ pé àrùn wà ní ìtòsí, kí wọ́n bo oúnjẹ wọn, kí wọ́n sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Ìdí nìyí tí ìròyìn tí àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà ń gbé jáde lórí ibà Lásà fi ń sọ iye tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ láìdárúkọ aláìsàn.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ pàápàá ti jẹ àǹfààní nínú ìlànà yìí. Láàárín ọdún 2018 sí 2020, ìwádìí kan ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ tẹ̀lé aláìsàn 510 tí àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ní ibà Lásà. Nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó kú. Gbogbo ayé rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú àbọ̀ ìwádìí náà tí a gbé jáde ní ọdún 2021, síbẹ̀ kò sí orúkọ aláìsàn kan nínú rẹ̀.

Ohun tó wà nínú ewu hàn kedere. Ibà Lásà máa ń jọ ibà lásán ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá tètè dé ilé ìwòsàn sì ni ìtọ́jú rẹ̀ máa ń rọrùn. Bí aráàlú bá gbà pé ẹni tó bá lọ ni ìròyìn rẹ̀ yóò ṣáájú rẹ̀ délé, wọn yóò máa fara pamọ́ sínú yàrá títí ẹ̀pa kò fi ní bóró mọ́, àwọn tó ń tọ́jú wọn nílé yóò sì kó o. Àṣírí tó tú láìnídìí lónìí lè di àrùn tó tàn kálẹ̀ lọ́la.

Ibi tí Ògiri ti ń Lanu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ibi mẹ́ta ni ògiri ti sábà máa ń lanu.

Èkínní ni ẹnu. Ní ìlú tí kò tóbi bíi Ìjàgbà, ẹni tó ń mú káàdì jáde lè jẹ́ ìbátan aláìsàn tàbí aládùúgbò rẹ̀. Ìbéèrè tí a fi ohùn rara bi aláìsàn níwájú àwọn tó ń dúró de dókítà ti tó láti tú u fó. Yíyọ orúkọ kúrò kò sì tó ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Bí a bá sọ pé olùkọ́ obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni ó ní àìsàn kan, gbogbo ìlú ti mọ ẹni náà.

Èkejì ni ìwé àti fóònù. Káàdì tí a fi sílẹ̀ lórí tábìlì, ìwé owó tí a fi dì nǹkan, tàbí àwòrán èsì àyẹ̀wò tí a fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n jẹ́. Ọ̀rọ̀ ìdílé tún wà níbẹ̀. Nítorí pé ọkọ, aya àti ọmọ lè wà lábẹ́ orúkọ ẹnì kan, ìfiránṣẹ́ nípa ìtọ́jú aya lè lọ sórí fóònù ọkọ. Òfin kò sọ pé ìgbéyàwó ti rọ́pò ìfọwọ́sí. Aya tó ti dàgbà ni ó ni ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ.

Ẹ̀kẹta ni kọ̀ǹpútà. Ìwé tó sọnù a máa tú àṣírí ẹni kan tàbí méjì. Kọ̀ǹpútà lè tú ti gbogbo ìlú lọ́jọ́ kan. Ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera Anthem ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ inú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tó sún mọ́ mílíọ̀nù 79 ni ó kàn: orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ohun tó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn ni lẹ́tà ẹ̀tàn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tó wà lábẹ́ Anthem dáhùn. Ní ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ náà san mílíọ̀nù 16 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ilé-iṣẹ́ tó lówó tó bẹ́ẹ̀ bá lè ṣubú nípasẹ̀ lẹ́tà kan, ètò tí òṣìṣẹ́ márùn-ún ń lo ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo wà nínú ewu tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, kí kọ̀ǹpútà máa ṣàkọsílẹ̀ ẹni tó ṣí fáìlì àti ìgbà tó ṣí i, kí a sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Olùkọ́ tó wà lábẹ́ ètò adójútòfò ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí tí a fi fẹ́ mọ ohun kan nípa rẹ̀, láti ka ìwé kí ó tó fọwọ́ sí i, àti láti yí nọ́ńbà fóònù tí ìfiránṣẹ́ ń lọ sí padà. Ìwé ìsinmi àìsàn tó bá mú fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lè sọ iye ọjọ́ tí dókítà ní kó sinmi láìdárúkọ àìsàn náà.

Ìlànà kan náà ni ó gbọ́dọ̀ lò fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí òbí bá sọ fún un pé ọmọ òun ní wárápá tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ó yẹ kí olùkọ́ kíláàsì àti ẹni tó ń darí eré ìdárayá mọ ohun tí wọn yóò ṣe bí àìsàn náà bá dé. Kò yẹ kí a kọ ọ́ sí ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí gbogbo kíláàsì lè kà, kò sì yẹ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ nígbà ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera. Ó dára kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fi èyí kún ohun tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti tọpa ọ̀rọ̀ aláìsàn láti ibùdó ìtọ́jú àkọ́kọ́ dé ọwọ́ akọ̀wé owó. Ó ti fi hàn pé òfin kò wọ́n ní Nàìjíríà; abala 26 ti òfin ọdún 2014 àti òfin ọdún 2023 ti sọ ohun tó yẹ kí a ṣe. Ohun tó kù wà ní ọwọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ ń gba ọwọ́ wọn kọjá lójoojúmọ́. Ìbéèrè kan tó lè tọ́ wọn sọ́nà ni èyí: ǹjẹ́ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe yìí nílò ohun tí mo fẹ́ mọ̀ tàbí tí mo fẹ́ sọ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó wà níbi tó wà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ní í fọ́. Òfin lè fi ìyà jẹ ẹni tó jẹ́ kó bọ́, ṣùgbọ́n kò lè kó o jọ fún aláìsàn mọ́.